Bí Òpè Ṣe Lè Ra Páàsì Ọ̀sẹ̀ Kan ní Onírèké

Ìwọ òpè tí o fẹ́ wá kí àwọn ará Onírèké ní Ìbàdàn, ìwọ ni mo kọ èyí fún. Ọlọ́gbọ́n ti wọ mọ́tò lọ ní tirẹ̀.

Kí o tó kúrò nílé, kọ́kọ́ jókòó ro ó dáadáa: ṣé páàsì ọ̀sẹ̀ kan ló máa dín owó kù ni, àbí kí o máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan? Ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí káàdì Oyster ti wà láti 2003, tí owó tí wọ́n ń yọ lójúmọ́ sì níbi tó ń dé tí kò ní kọjá, tí bọ́ọ̀sì kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti 2014. Ka ti Èkó náà: káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT, òun náà ni wọ́n fi ń wọ reluwé Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Má ṣe bi ará Ìbàdàn kankan léèrè ohun tí wọ́n fi ń wọkọ̀ níbẹ̀. Ó lè sọ òótọ́ fún ọ, kí gbogbo ìwádìí rẹ sì di òfo.

Reluwé ni kí o bá wá láti Èkó. Bí o bá ti rí “Ìbàdàn” lórí tíkẹ́ẹ̀tì, gbà pé o ti délé. Reluwé àtijọ́ tó wọ ìlú ní 1901, ìtòsí Dùgbẹ̀ ló máa ń já èrò sí tẹ́lẹ̀, Onírèké kò sì jìnnà síbẹ̀. Tuntun tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, Móníyà ló ń já ọ sí, ní ìpẹ̀kun ìlú. Láti ibẹ̀, Òjòó ń dúró dè ọ́, lẹ́yìn náà Sángo, Mókólá, Dùgbẹ̀. Ibi tí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn, owó tuntun ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì kejì tí o bá wọ̀ láàárín wákàtí kan kì í gba owó mọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ tákísí Máíkírà ní Mókólá, kó lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

Na káàdì Cowry rẹ sí i.

“Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ kí n fi èyí ṣe? Ṣéńjì lẹ máa fún mi o.”

Má ní ṣéńjì. Fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ká fi owó ọkọ̀ sí 300 náírà: ó jẹ ọ́ ní 700. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ fún un ní 500, ó jẹ wọ́n ní 200. Ọmọ iléèwé tó wà létí fèrèsé fún un ní igba méjì, ó jẹ ẹ́ ní 100. Bí ẹ bá sọ̀, awakọ̀ á so yín pọ̀: ẹgbẹ̀rún kan náírà tí o fún un yẹn gan-an ló máa dá padà fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì ṣíná lọ. Ẹ ó wá dúró nínú oòrùn. Ìyá á ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ bá oníbúrẹ́dì yẹn.” Oníbúrẹ́dì á ní àfi kí ẹ ra nǹkan. O ra búrẹ́dì tí o kò fẹ́ jẹ. Kí ló kù tí o ń wá páàsì fún? O ti di ọmọ ẹgbẹ́.

Nípa ìjókòó: èèyàn méjì ló ń pín àga iwájú Máíkírà. Ẹni tó bá wà láàárín, gíà á máa gún un ní orúnkún títí tí yóò fi sọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé, “Èmi nìkan ni mo ní iwájú,” wọ́n á sì san owó èèyàn méjì. Òpè á jókòó láàárín, á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gíà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Nílùú yìí, dírọ́ọ̀pù, ìyẹn kí o dá odindi ọkọ̀ gbà, ló dúró bíi páàsì. Kí o wọkọ̀ bí èrò ló dúró bíi tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan. Láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, bí awakọ̀ bá ń kó èrò márùn-ún ní 300, 1,500 lọ́kọ̀ rẹ̀ ń pa. Bí o bá ní dírọ́ọ̀pù, 1,500 yẹn ló máa fi bẹ̀rẹ̀, á wá fi díẹ̀ lé e fún tìpadàbọ̀, torí ó ní òfìfo lòun máa bọ̀. Ìwọ nìkan ń san owó èèyàn márùn-ún, o sì tún ń san ti àwọn tí kò sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ẹrù láti ọjà Aléṣinlóyè, owó dírọ́ọ̀pù kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó èrò yín lọ. Nítorí náà, kí òpè gba dírọ́ọ̀pù nígbà tó bá dá wà, kó sì wọkọ̀ bí èrò nígbà tó bá kó ìyá rẹ̀, ọmọ méjì àti jálá epo pupa mẹ́ta lẹ́yìn.

Bí o bá ń dúnàádúrà, fi Òyìnbó béèrè. Sọ pé inú GRA Onírèké lò ń lọ, kí o tún fi kún un pé ìlú òkèèrè lo ti dé. Ẹni tí kò fẹ́ kí owó lé á ní ẹ̀gbẹ́ Aléṣinlóyè ni, á sì dákẹ́.

Nínú ọkọ̀, dúró de ẹni tó máa kéde ibi tí ẹ dé. Má pariwo “Ó wà o!” Ìdíkọ̀ tó kẹ́yìn dára láti wò.

Èyí tó kù kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, Máíkírà kì í fi bẹ́ẹ̀ yà wọ àwọn òpópónà inú Onírèké mọ́. Gba dírọ́ọ̀pù, kí o sọ iye rẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀ kí o tó wọlé, kí o sì ti ní ṣéńjì lápò.