Bàbá Kúrọ́ọ̀sì

Kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ á ti yí àtẹ oníwèé ìròyìn ká ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Àwọn kan ń jà lórí bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń bú gómìnà. Bàbá Kúrọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, kì í dá sí i. Ojú ewé ẹ̀yìn ló máa ń ṣí, níbi tí àwọn àpótí kéékèèké kúrọ́ọ̀sì (crossword) wà.

"Lẹ́tà mẹ́ta. Ẹyẹ ńlá tí kì í fò. E ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Ògòǹgò!" Ọlọ́kadà kan ló dáhùn.

Bàbá wò ó tàánú-tàánú. Emu ni, ẹyẹ Ọsirélíà. Bàbá kò fojú rí i rí, àmọ́ wọ́n ti pàdé nínú àpótí débi pé bí emu bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, á ní kí wọ́n bu omi tútù fún un.

Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, 1913, ó tẹ "Word-Cross" jáde nínú ìwé ìròyìn New York World. Ọ̀kan nínú ohun tó béèrè ni orúkọ fọ́nrán ara ọ̀pẹ gomuti, ọ̀pẹ ilẹ̀ Éṣíà. Ìdáhùn rẹ̀ ni "doh". Kò sí ìkómọ tí Bàbá kò ti sọ "doh" yìí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun mú ògùṣọ̀ wá láti fi dáná, àkísà ló gbé dé.

Kúrọ́ọ̀sì inú ìwé ìròyìn Times ti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1930, ló tún wá dà á lórí rú. Níbẹ̀, "flower" lè má jẹ́ òdòdó: ohunkóhun tó bá ń ṣàn ni, odò Thames pàápàá. "Number" náà lè di abẹ́rẹ́ tí í mú ẹran ara kú tipiri. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè kí Bàbá "ẹ káàárọ̀" kó má wo abẹ́ rẹ̀ wò.

Ó gbìyànjú láti ṣe ti Yorùbá. Ó kọ òkò sí ìbú, ó kọ orí sí òòró, àpótí kan ṣoṣo ni lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn jọ ní. Ṣé ò ni àbí o? Ó bá gbọn gbogbo àmì dànù. Bí òkò ṣe bọ́ àmì sílẹ̀ báyìí, ọlọ́kadà yẹn kà á sókè, ni ìyá ẹlẹ́kọ bá fi ìborùn bojú.

"Bàbá," oníwèé ìròyìn ní, "ẹ ti fi báírò ba ọjà mi jẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni mò ń retí lọ́wọ́ yín. O ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, W ló tẹ̀ lé e."

Bàbá ronú títí, ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀.

"Owl," ó ní. "Òwìwí ni."