Màmá Oníkíréyọ̀n

Ẹ ó mọ̀ ọ́n. Kò sí àdúgbò tówó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, láti Magodo l'Ékòó títí dé Bódìjà n'Ìbàdàn, tí ẹ ò ti ní bá ọ̀kan pàdé. Lẹ́yìn rẹ̀, Màmá Oníkíréyọ̀n la ń pè é. Lójú rẹ̀, "Mọ́mì" ni. Ó gbọ́ níbì kan pé ọmọ tó bá ń yàwòrán láti kékeré, ọpọlọ rẹ̀ á mú ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni pálọ̀ ti di iléèwé. Kò bi ọmọ bóyá ó wù ú. Ta ní í bi ọmọ léèrè kó tó rọ ọ́ lágbo?

Ẹrù ló kọ́kọ́ dé. Pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ayàwòrán ń gbé iṣẹ́ lé, ó ga ju ọmọ lọ. Épúrọ́nù tí wọ́n fi òwú pupa kọ orúkọ ọmọ sí láyà. Páálí ọ̀dà tí gíríìnì nìkan tó mẹ́fà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo rìsíìtì, ó ká a, ó lọ wo bọ́ọ̀lù. Tí ẹ̀kọ́ bá máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá lé ìwé ìròyìn, wọ́n á fi aṣọ bo àga, Màmá á wá kìlọ̀ pé tí ọ̀dà bá kán sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ojú ọmọ á rí nǹkan. Ìgbà náà ni yóò ní kí ọmọ máa gbádùn ara ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ yẹ́lò, ó sì tì í bọ búlúù láì fọ̀ ọ́. Bó ṣe fà á lórí bébà, ó pariwo: "Mọ́mì, ẹ wá wò ó! Ó ti di gíríìnì!" Olórí ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ ọ̀dà nìyẹn, ọmọ ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ kàn án. Màmá sáré wá. "Ṣé gíríìnì ò sí nínú páálí ni? Mẹ́fà ló wà níbẹ̀! O ò rí i pé o ti ba yẹ́lò jẹ́?" Ọmọ bẹ̀bẹ̀.

Kí n wá sọ ti ewúrẹ́. Ọmọ ya ewúrẹ́ kan, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lápá kan náà, ìwo gùn ju ọrùn lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ewúrẹ́ tó dáa ni: ewúrẹ́ tó ti jẹ ẹ̀gẹ́ onílé tán, tí kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Màmá ní, "Jẹ́ kí n bá ẹ tún ẹsẹ̀ kan ṣe." Ẹsẹ̀ kan di méjì, ó di orí, ó kan ìrù. Ó fi rọ́bà pa ẹ̀rín rẹ́, ó ní ewúrẹ́ kì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ ti kúrò nídìí ẹ̀, ó ti lọ ń ka èèrà lójú fèrèsé. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ewúrẹ́ ti pé, irùngbọ̀n ẹ̀ gan-an ò yẹ̀. Màmá kọ orúkọ ọmọ sísàlẹ̀, ó kọ "ọmọ ọdún 5" tì í, ó gbé e sórí WhatsApp. Àwọn ẹ̀gbọ́n láti Houston àti Peckham ń kan sáárá: "Há, ọmọ yìí kì í ṣe kékeré o!" Màmá fèsì pé Ọlọ́run ló ni ògo. Ògo kọ́ la ń bèèrè. Ẹni tó ya ewúrẹ́ ni.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ aládìrẹ ni màmá náà, l'Ábẹ́òkúta. Ní Sátidé kan tó wá kí wọn, ó po láfún, ó sè é di ẹ̀kọ, ó na aṣọ funfun kan sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, ó ń fà á. Ó kọ́kọ́ fi ìlà pín aṣọ sí ojú kéékèèké. Ó ya ẹyẹ sínú èyí, ó ya ewé sínú tọ̀hún. Kò fi pẹ́ńsù tọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Ọmọ ti bọ́ épúrọ́nù sílẹ̀, ó ti lọ jókòó tì í. Màmá àgbà ń ṣàlàyé fún un pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní ríbi wọlé; tí wọ́n bá rẹ aṣọ sínú aró ẹ̀lú, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tún un rẹ, tí wọ́n wá ha ẹ̀kọ kúrò, ẹyẹ á yọ. Ọmọ nawọ́ sí ìyẹ́. Ohùn jáde láti kíṣìnnì: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan yẹn. Olùkọ́ ẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí YouTube." Màmá àgbà ní, "Kò burú, ìyàwó mi." Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú oòrùn Èkó, olùkọ́ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya igi ápù àti ilé tí yìnyín bò. Ọmọ ní dáńfó lòun fẹ́ yà, pẹ̀lú kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó ya nǹkan tó ní láárí.

Ẹ má sì rò pé obìnrin yìí ò mọyì iṣẹ́ ọnà. Ó mọyì ẹ̀ tòun ti iye owó ẹ̀: ó mọ̀ pé ní 2018, owó tí wọ́n ta àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní London. Ó máa ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ọnà Nike Òkúndayé ní Lẹ́kí, wọ́n á ya fọ́tò níwájú àdìrẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ilé wọn, ní Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni Nike ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Màmá sọ èyí fún àwọn ọmọ, ó sọ ọ́ dáadáa. Ìyá ọkọ ẹ̀ wà nílé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ó mọ ìtàn àwọn ayàwòrán Òṣogbo náà. Iná ni Jimoh Buraimoh ń tàn fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó fún olóògùn kiri, kí olùkọ́ wọn, Georgina Beier, tó fún wọn ní ọ̀dà láàárín ọdún 1960 sí 1969. Georgina kì í gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn. Ó ń wo ohun tí yóò jáde ni. Bí Màmá ṣe ń sọ èyí fún àlejò, pẹ́ńsù ọmọ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń bá a tún imú ènìyàn ṣe.

Ọdún tí àkọ́bí wọn wà ní JSS3 lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi kíréyọ̀n rọ, ó sì ti mọ̀ ọ́n yà gan-an báyìí, torí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ló ti ń yà á, níbi tí rọ́bà Màmá ò dé. Ó ní àwòrán lòun fẹ́ lọ kọ́ ní Yábàá Tech. Wọ́n pèpàdé. Bùọ̀dá kan wá láti Ìkòròdú. Pásítọ̀ gbàdúrà lórí fóònù. Màmá káwọ́ lérí: "Àwòrán kẹ̀? Gbogbo owó tí mo ná yìí, kí o lè lọ máa kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀? Torí ọpọlọ la ṣe ń yà á, a ò ní kí o fi jẹun!" Bàbá, tó mọ iye tó wà nínú gbogbo rìsíìtì yẹn, ò wí nǹkan kan.

Kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni ọmọ náà wà báyìí. Àbúrò rẹ̀ ló kù nídìí ọ̀dà. Tí ẹ bá rí ewúrẹ́ tuntun lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má yin ọmọ; ẹ bá mi kí ìyá ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti ń já gaara.