Aṣọ Ọmọdé, Àkísà Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí àwọn baba wa pa òwe yìí, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé owó lè ra ẹtù àti sányán lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni í hun àkísà: oòrùn tí ó pa á, omi tí ó fọ̀ ọ́, iṣẹ́ tí ó ya á létí, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ń tà lọ́jà nínú wọn. Òwe náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, kò sì rí alátakò títí àwọn ọ̀dọ́ onífótò ìwòyí fi gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ihò ojú lẹ́ńsì du oyè.

Ìdílé lẹ́ńsì kan wà tí à ń pè ní 50mm, ohun tí ó sì pààlà sáàárín àwọn ọmọ inú rẹ̀ ni bí ojú wọn ṣe lè là tó. Ẹ fi ìbú ihò ojú pín 50 náà, nọ́ńbà tí ó bá jáde ni orúkọ oyè lẹ́ńsì: èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 28 ni f/1.8, ti f/1.4 tó 36, ti f/1.2 sì sún mọ́ 42. Àwọn olóyè onífìlà funfun wa, Ìdẹ́jọ, Akárígbẹ̀rẹ̀, Ọ̀gàládé àti Àbàgbọ́n, mọ ipò wọn láìka nọ́ńbà síra wọn létí. Nínú oyè tuntun yìí, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jù ni ọlọ́lá jù, bí ẹ bá sì dé ibi tí wọ́n pé jọ sí, ẹ óò gbọ́ nọ́ńbà kí ẹ tó gbọ́ ẹ kú ọjọ́. Lẹ́ńsì f/1.8 tí Canon ṣe fún àwọn kámẹ́rà rẹ̀ tuntun wúwo tó gíráàmù 160, f/1.2 ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wúwo tó 950, iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e sì ju ìlọ́po mẹ́wàá ti àbúrò lọ, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé kò ju ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀.

Ojú ńlá kò lẹ́ṣẹ̀ o. Òkùnkùn ni wọ́n torí rẹ̀ dá a. Stanley Kubrick, olùdarí fíìmù, fi lẹ́ńsì Zeiss f/0.7, tí wọ́n ti ṣe fún NASA, ya àwọn ìran abẹ́ iná àbẹ́là nínú Barry Lyndon, fíìmù rẹ̀ tí ó jáde ní 1975, àwa tí iná mànàmáná sì máa ń dá ijó wa dúró láàárín òru ní ìdí tí ó ju tirẹ̀ lọ láti fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ ọdún Adámú Òrìṣà, nígbà tí Ẹ̀yọ̀ bá bo ìgboro bí ẹgbẹ́ lékeléke, tí oòrùn sì ń ta lórí agbádá funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ẹran ara pàápàá ń dijú. Ìmọ́lẹ̀ yìí ju agbára f/1.2 lọ, bí kámẹ́rà tilẹ̀ ṣẹ́jú ní ìdá kan nínú 8,000 ìṣẹ́jú-àáyá, agbádá yóò funfun kọjá bí ó ti yẹ, ọ̀nà aṣọ kò ní hàn. Àgbà onífótò ì bá yí lẹ́ńsì rẹ̀ sí f/8, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀dọ́ onífótò tiwa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé f/8 wà lára lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì bi í léèrè kí ni ó wá náwó sí. Ó padà tọ oníṣọ́ọ̀bù lọ, ó ra dígí dúdú, ó sì fi bo ojú tí ó fi owó gọbọi rà nítorí kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé, kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé.

Kí wá ni ó rí yà? Ẹ̀yọ̀ kan ṣoṣo, tí ọ̀pá ọ̀pámbàtà rẹ̀ hàn ketekete, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni kùrukùru. Akẹtẹ̀ pupa Làbà àti akẹtẹ̀ aláwọ̀ ewé Ológèdè, tí ọmọ Èkó fi ń mọ ilé tí Ẹ̀yọ̀ ti jáde, ti di ẹ̀kán ọ̀dà. Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, di èéfín. Ogunlọ́gọ̀ tí ó bọ́ bàtà sílẹ̀ nítorí èèwọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà kò lè mọ̀ bóyá Ẹnu Ọwá ni Ẹ̀yọ̀ dúró sí tàbí iwájú aṣọ títa kan ní Agége, onífótò yóò sì máa yangàn pé ẹ̀yìn rẹ̀ yọ́ bí òrí.

Níbi ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Ọkọ àti ìyàwó wà níwájú, àwọn ìyá méjèèjì dúró lẹ́yìn wọn, bí f/1.2 bá sì là gbogbo ojú ní mítà mẹ́ta, ibi tí yóò mọ́ nínú àwòrán kò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìyá ìyàwó gba fótò, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

“Ọmọ mi, èmi dà?”

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn yẹn. Báyìí ni wọ́n ń yà á lókè òkun, ẹ jàre.”

“Ṣé lókè òkun, ìyàwó kì í ní ìyá ni?”

Yàtọ̀ sí imú ìyàwó, orúkọ onífótò tí wọ́n tẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ ni ó mọ́ jù lórí fótò náà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn àgbà onífótò ṣe dé ipò wọn. George S. A. Da Costa, ọmọ Èkó tí a bí ní 1853, jẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé CMS títí di 1895. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó náwó lọ kọ́ṣẹ́ fótò ní Freetown. Kámẹ́rà Brownie, àpótí lásán, ni J. D. ’Okhai Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, ó sì di 1968 kí ó tó dáwọ́ lé àwọn àwòrán irun dídì tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Fíìmù tí ó jóná, dígí tí ó fọ́, oníbàárà tí ó bínú lọ: àkísà àwọn àgbà nìyẹn.

Ẹnu ibẹ̀ ni mo rò pé òwe náà yóò ti borí, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n ti ń ta àkísà náà. Ètò orí kọ̀ǹpútà wà nísinsìnyí tí ń da eruku sórí fótò tuntun, tí ń ha á bí fíìmù tí ó bọ́ sílẹ̀, tí ń sọ ọ́ di pípọ́n rúsúrúsú bí èyí tí ìmọ́lẹ̀ jí wọ̀, gbogbo àbùkù tí ọ̀gá ì bá torí rẹ̀ gbá ọmọ iṣẹ́ létí. Ọ̀dọ́ tí ó san owó ńlá kí àwòrán rẹ̀ má baà ní àbàwọ́n tún ń san owó oṣooṣù kí àbàwọ́n lè padà síbẹ̀. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ àgbà onífótò Ìsàlẹ̀ Èkó tí àwọn négátíìfù tí omi òjò ti bà jẹ́ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín: ẹ má dà wọ́n nù mọ́, ẹ dá iye lé wọn.