Ọwọ́ Máńgòrò

Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ mi lápá òsì, á rò pé wọ́n fi mí joyè ni. Láti ilé ìwòsàn títí dé Peckham, mi ò wọ kóòtù, bẹ́ẹ̀ oṣù kejì ọdún ni, tí òtútù Lọ́ńdọ̀nù ń géni jẹ. Mo fẹ́ kí aráyé rí i ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gún ìka nítorí àtọ̀gbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, orí ìka mi ti rí bí asẹ́. Ní báyìí, ohun pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ apá ni yóò máa ka ṣúgà ara mi, tí yóò sì máa gbé e sórí fóònù ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé o, èmi ni mi ò gbọ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà ń tọ́ wò, omi tó wà láàárín ẹran ara lábẹ́ awọ ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà máa ń kọ́kọ́ dé kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ lè fi bí ìṣẹ́jú 5 sí 15 rẹ̀yìn. Ó ní kí n má gbára lé ọjọ́ àkọ́kọ́ jù, torí ara ṣì ń bínú sí okùn tín-ín-rín tí wọ́n tì bọ̀ ọ́. Ó tún ní kí n má sùn lé e. Mo ń mi orí bí alángbá tó já láti orí ìrókò. Fóònù ni mo ń wò.

Aago méjì òru kọjá díẹ̀, fóònù figbe ta bí ọkọ̀ panápaná. 2.9! Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ṣúgà tó bá ti wálẹ̀ kọjá 4, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìyá Bọ́lá fò dìde, ó dé ilé ìdáná kí n tó jókòó tán. Ṣíbí oyin mẹ́rin. Ife omi ọsàn ńlá kan. Mo tún ní kó bá mi fi bísíkíìtì díẹ̀ sí i, nítorí ikú kì í dúró de ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ ara mi ò gbọ̀n, òógùn ò bò mí, ebi gan-an ò pa mí. Ó yẹ kí n ti fi ìyẹn mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣúgà mi ti di 16.8. Ìyá Bọ́lá wo apá mi, ó rí ibi tí ìṣẹ́po aṣọ ibùsùn tẹ̀ sí i bí ilà ojú. "Bàbá Bọ́lá, ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ sùn lé o." Apá tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti fún omi kúrò níbi tí okùn yẹn wà, sẹ́ńsọ̀ ò sì rí ṣúgà tó pọ̀ kà. Ohun tó rí ló sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Dípò kí n bínú sí ara mi, ẹ̀rọ ni mo bínú sí, mo ní n óò tún un ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo kà nípa Leland Clark àti Champ Lyons, tí wọ́n gbé èròǹgbà sẹ́ńsọ̀ ṣúgà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1962. Mo kà nípa ẹ́ńsáìmù tó ń mú háídírójìn pẹrọ́sáìdì jáde bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ṣúgà, kí iná mànàmáná lè kà á, àti bí parasitamọ́ọ̀lù lásán ṣe lè tan àwọn ẹ̀rọ ìgbà kan jẹ kí wọ́n kà sókè. Mo kà pé àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń ṣì tó bí i 20 nínú 100, àmọ́ tí tòde òní ti súnmọ́ 9. Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé irú tèmi ṣeé tọ́ sọ́nà: èèyàn á gún ìka, á kọ iye tó rí sínú fóònù, ẹ̀rọ á sì fi ìyẹn ṣe ìlànà. Kí ṣúgà má máa lọ sókè-sódò lásìkò náà, kí ọwọ́ sì mọ́. Mo ka ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ti ọwọ́ yẹn, ta ni ò mọ̀ ọ́n?

Ọjọ́ Sátidé, Bọ́lá gbé páálí máńgòrò kan dé láti Rye Lane. Èmi ni mo bó o fún gbogbo ilé. Mi ò fi ẹyọ kan kan ẹnu. Mo sì polongo rẹ̀ kí wọ́n lè yìn mí. Sẹ́ńsọ̀ ní 6.4. Mo ní ẹ jẹ́ n yẹ ọ̀rẹ́ mi wò. Mo gún ìka: 15.2! Mo ti mú olè lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo kánjú, mo gún ìka mìíràn, ọwọ́ kan náà: 14.7. Ẹlẹ́rìí méjì! Mo kọ ọ́ sínú fóònù. Ẹ̀rọ gbà mí gbọ́, ó sáré gòkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ṣúgà mi ti pọ̀ jù.

Mo ti gbé abẹ́rẹ́ ínsúlínì dání nígbà tí Ìyá Bọ́lá jáde láti ilé ìdáná.

"Ẹ ti fọwọ́?"

"Kí ni ti ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi bó máńgòrò ni?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo tún un gún. 6.6. Ká ní mo ti gún abẹ́rẹ́ yẹn ni, 2.9 òru ọjọ́ kìíní ì bá di òótọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jẹun, ni mo tó lè fi iye tó tọ́ tún irọ́ tí mo kọ́ ẹ̀rọ náà ṣe. Nígbà tí mo rò ó fún nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó ní kí n dì í mú díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó padà, mo sì gbọ́ ẹ̀rín.

Apá ọ̀tún ni mo ń sùn lé báyìí. Ọṣẹ kan wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń gún ìka. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀.