Ìlẹ̀kẹ̀ Àyálò Dé Igbo-Ukwu

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ìyá, n ò fẹ́ pariwo. Ṣé ẹ rí fọ́tò ìdána ọmọ Ìyá Ìbejì? Ṣé ẹ rí iyùn ọrùn ìyá náà tó fi ń gbé àyà síwájú? Ó yá a ni. Mo mọ ilé tó ti yá a, mo mọ iye tó san, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu mi. Bó bá dalẹ́, ẹ wá bi mí.

Igbo-Ukwu ni wọ́n ti fún wa ní ìyàwó, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Láti Ìbàdàn, a gba Ọ̀rẹ̀, a gba Benin, a dé Asaba. Bí bọ́ọ̀sì ṣe gun afárá Odò Ọya, alága ìdúró wa bú sórin, ó ní Yorùbá dé. Ìyàwó pásítọ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kó rọra, ó ní Àjàyí Crowther ti bá orí omi yìí dé Onitsha láti 1857, nígbà tí kò tíì sí afárá kankan, ìwàásù ló sì gbé lọ, kì í ṣe aṣọ ẹbí. Alága dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì? Ọ̀rọ̀ owó àjọ ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

A dé ilé àna. Alága ti ṣètò gbogbo ibi tó ti máa gbowó: owó ìṣílẹ̀kùn, owó ìkúnlẹ̀, owó ìdìde. Kò mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Obì ló kọ́kọ́ jáde, obì abàtà, kì í ṣe gbànja. Ẹ̀yin ìyá, obì yẹn rìn! Onílé gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n nà án sí àgbà mìíràn, wọ́n fi han àwọn ọkùnrin wa, ó yí gbogbo àgbàlá po, ó tún padà sọ́wọ́ onílé, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fi eyín kàn án. Bàbá arúgbó kan wá fi Igbo wúre lé e lórí, nítorí wọ́n ní obì ò gbọ́ Òyìnbó. Obìnrin kì í sì í pa obì lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Ìbejì, tó ń pa obì ilé wa, tó tún ń pa ti ilé onílé mọ́ ọn, ni wọ́n ní kó jókòó. Ó sì jókòó! N kì í jẹ obì, ṣùgbọ́n mo jẹ tọjọ́ yẹn.

Ó wá kan ẹmu. Bàbá ìyàwó bu ẹmu fọ́mọ rẹ̀, ó ní kó lọ wá ọkọ rẹ̀ láàárín èrò. Bó ṣe ń lọ ni àwọn ọkùnrin ń nawọ́ sí i, kálukú ń sọ pé òun ni ọkọ. Àwọn arúgbó tí kò léyín náà nawọ́. Ìgbà tó rí ọmọ wa, ó kúnlẹ̀, ó tọ́ ọ wò díẹ̀, ó gbé e fún un. Ọmọ mu ún tán, ó fi owó sínú ife, ilé sì mì tìtì.

Gbogbo ìgbà yìí, a ń fi Yorùbá ṣòfófó tiwa lọ: ta ni gèlè ẹ̀ wọ́, ta ló bu ẹran mẹ́ta. Àṣé ìyá kan nínú àwọn ụmụada, àwọn ọmọ ilé lóbìnrin, ti ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn títí tó fi darúgbó. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀! Ó wá bá wa, ó kí wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Ìbejì dára. Ìyá Ìbejì ní ti ìran àwọn ni, pé ó ti pẹ́ gan-an. Ìyá yẹn ní, “Ẹ kú orí ire, mà. Ìlú tiwa náà ní èyí tó pẹ́ díẹ̀.”

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ ihò tí yóò máa gba omi òjò sí ní àgbàlá rẹ̀, ló bá kan idẹ. Àwọn ará àdúgbò bá a mú lára rẹ̀, wọ́n ní yóò dára fún oògùn. Nígbà tó di 1959, Thurstan Shaw, Òyìnbó awalẹ̀pìtàn, dé, ó ń fi ṣọ́bìrì kékeré wa ilẹ̀. Ó tún padà wá ní 1964, nígbà tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn wa níbí. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó bá ibojì ẹni ńlá kan tí wọ́n gbé jókòó sórí àpótí, pẹ̀lú ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lápapọ̀ lé ní 165,000! Mo wo ọrùn Ìyá Ìbejì, mo kà á lójú: kò pé ogójì.

Shaw ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n ti ṣe àwọn ohun idẹ náà. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ilé wa, ẹ má bínú o, àwọn orí idẹ tí ẹ fi ń yangàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n dé. Ìkòkò kan wà níbẹ̀ tí okùn wé yí ká, idẹ ni ìkòkò, idẹ ni okùn. Wọ́n tún fi idẹ ṣe kòkòrò wẹ́wẹ́ sára ohun èlò mìíràn, tó fi mọ́ eṣinṣin! Ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn sì ti ọ̀nà Íjíbítì wá. Àwọn tá à ń sọ pé ìṣòwò ni wọ́n bí mọ́ wọn, ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́?

Ìyá Ìbejì rọra fa ìborùn bo ọrùn.

A jẹ ọbẹ̀ ewúro tí wọ́n fi kókò mú ki, alága bu ún lẹ́ẹ̀mejì láì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà la ní kí wọ́n mú wa lọ wo ìkòkò olókùn yẹn. Ìyá yẹn ní, “Kò sí níbí o. Èkó ló wà, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan.” Oníkan! Níbi tí Ìyá Ìbejì ti jó títí tí bàtà fi já, tó mọ gbogbo gbọ̀ngàn àríyá ibẹ̀ lórí, kò wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn rí láyé rẹ̀. Èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ là ń sọ.