Kò Sẹ́ni Tó Ń Fìdí Rẹmi Mọ́ ní Kútọnu

Ẹ̀yin ará Kútọnu! Gbogbo yín ti di PDG, ọ̀gá pátápátá, kò wá sí ọmọọṣẹ́ nílùú mọ́.

Láyé ọjọ́sí, ọmọ tó bá gbódo nínú BAC, ìdánwò àṣejáde girama, òru ni yóò fi wọ ọkọ̀ Parakou, á lọ fara pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ títí ìtìjú á fi rọlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ọjà Dantokpa á máa gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá, kí wọ́n má baà bi í pé, "Ọmọ wa ńkọ́?" Lónìí, èsì ìdánwò ò tíì tutù tí ọmọ ti lọ tẹ káàdì. Mo gba ọ̀kan ní Akpakpa: PDG, iṣẹ́ àgbẹ̀, kíkó ọjà wọ̀lú, ìmọ̀ràn ìgbésí ayé, fọ́tókọpì. Mo pe nọ́ńbà ẹ̀, ẹ̀rọ ní kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà olóṣèlú ló kúkú kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Kérékou gbàjọba Benin ní 1972, ìbò 1991 yẹ àga ààrẹ nídìí ẹ̀, Soglo jókòó. Ní 1996, Kérékou padà wá gba àga ẹ̀. Ṣé Soglo wá fẹ̀yìn tì? Rárá o! Ní 2003 ó di mẹ́yọ̀ Kútọnu. Wọ́n gba odindi orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ bàbá, wọ́n fi gọ́tà ìlú ṣe gbà-má-bínú.

Àánú àwọn tó yege ló ń ṣe mí. Nígbà tíjọba dáwọ́ ìgbanisíṣẹ́ dúró láàárín ọdún 1980 sí 1989, ọ̀pọ̀ ọmọ tó gboyè jáde ní yunifásítì Calavi gbé ìwé ẹ̀rí pamọ́, wọ́n gun ọ̀kadà zémidjan. Títí dòní, ẹni tó yege ló ń fi ọ̀kadà gbé ẹni tó gbódo, PDG á tún máa ná owó ọ̀kadà: "Ẹ̀gbọ́n, 200 ti pọ̀ jù, ẹ gba 150."

Ti àwọn gayman, ọmọ tó ń lu òyìnbó ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tún wá yàtọ̀. Bó bá ti gbé jíìpù délé, bàbá ò ní bi í léèrè ìwé. "Ọlọ́run ló ṣe é!" Kíá, wọ́n ti dá aṣọ ẹbí. Nígbà tí ọlọ́pàá bá kan ilẹ̀kùn, bàbá ní ọmọ ìyá ẹ̀ ni, ìyá ní ọmọ bàbá ẹ̀ ni. Télọ̀ tó rán aṣọ ẹbí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ẹbí.