Ẹrù Màmá

Ní Kambolé, ilé ọmọ ni ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ọmọ ránṣẹ́ láti Sokodé: “Màmá, ẹ má kó ẹrù púpọ̀, gbogbo nǹkan wà níbí.” Màmá ní àwọn ti gbọ́. Ni wọ́n bá di ọlọ tòun tọmọ rẹ̀, wọ́n di iṣu, wọ́n so adìyẹ lẹ́sẹ̀.

Awakọ̀ wo ẹrù títí. “Ìyá, ṣé ọjà Tchamba lẹ fẹ́ ná ni?”

“Mò ń lọ sinmi ni, ọmọ mi.”

“Adìyẹ ńkọ́?”

“Tem ni wọ́n ń sọ ní Sokodé. Bí ọmọ bá jáde, ta ni kí n máa bá sọ èdè wa?”

Kọ́kọ́rọ́ ilé nìkan ni wọn ò dì mọ́ ẹrù. Wọ́n so ó mọ́ ìbàdí: ẹni tó lọ sinmi lè sinmi tán.